Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ló tẹ oògùn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀fọn. Ó dára, àmọ́ ibà nìkan lẹ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ń gbé ẹrù mìíràn kiri.

Ara ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún 24, ló gbóná, tí gbogbo oríkèé ń ro ó. Wọ́n ra oògùn ibà ní kẹ́mísíìtì, ó lò ó, ara yá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní àfi bíi pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò lè dìde lórí àga mọ́. Àbúrò mi ní ó ti tẹ oògùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà lórí òkè àdúrà. Ìgbà tí mímí wá ń nira fún un ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Guillain-Barré ni dókítà pè é. Ó ní àwọn ọmọ ogun ara tó jáde lọ bá kòkòrò àìsàn jà ló ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Bí ó bá gòkè dé àyà, èémí lè dá. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. (Owó rẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò ni wọ́n tà.)

A kò rí àyẹ̀wò tó lè sọ kòkòrò tó kọ́kọ́ mú un, n kò lè di ẹ̀bi ru Zika, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Zika jà ní French Polynesia, àwọn erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, lọ́dún 2013 sí 2014, èèyàn 42 ni Guillain-Barré dá dùbúlẹ̀. Lọ́dún 2015, ó kan àwọn ará Salvador ní Bàhíà, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá wa ní Bràsíìlì. Zika kì í sì ṣe àlejò níbí: láti ọdún 1979 ni onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ ọ́ jáde pé òun rí i lára àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kì í dúró de alẹ́. Ọ̀sán ló ń jẹni, inú omi tó tòrò nínú kẹ́ẹ̀gì àti táyà ló ń yé sí. Kí ni nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà: bí ara gbígbóná bá lọ tán tí ẹsẹ̀ wá ń rọ, ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ tí ń bá èèyàn mí ni kí wọ́n gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ náà ti ń di ògiri mú rìn báyìí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá ẹni tó gbé oògùn sílẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn