Èédú nínú yàrá tí wọ́n tì pa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé iná rẹ̀ sórí tábìlì, tí oníkálukú ń se tàbí ń yan tirẹ̀ jẹ, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti ń wọ Ìlọrin díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, àbúrò mi kó wa lọ sí ilé oúnjẹ kan nínú ìlú yìí: èmi, ọmọ mi obìnrin, àti ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n gbé ẹyinná síwájú wa nínú agbada kékeré, wọ́n fi àwọ̀n irin bò ó, wọ́n wá gbé ẹran màlúù tí wọ́n ti fi ata, aáyù àti ṣúgà pò sílẹ̀. À ń yan án, à ń jẹ ẹ́. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Tábìlì mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, èédú ń jó lórí gbogbo wọn, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

Kò tíì tó wákàtí kan tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo rò pé oorun ni. Àbúrò mi náà ní òyì ń kọ́ òun. Kí n tó fèsì, ọmọ náà ti bì sára aṣọ Iléyá rẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, a pè é, kò dáhùn dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Òun ló gbé e sáré jáde, tó ń pariwo pé kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dìde. Níta ni ọmọ náà ti lajú, tó béèrè omi. Ilé ìwòsàn la ti sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ ní ẹran ni kò bá wa lára mu.

Ẹran kọ́. Bí èédú bá ń jó níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, á gba àyè atẹ́gùn rere tí à ń mí sínú. Òun kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ ojú oorun nílẹ̀ wa. Èédú tó ti pọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, ohun tó ń tan ènìyàn nìyẹn. Ní Kòríà, níbi tí yíyan ẹran lórí tábìlì ti gbajúmọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń so páìpù kọ́ sókè tábìlì kọ̀ọ̀kan láti fa afẹ́fẹ́ náà síta. Ẹni tí kò bá lówó páìpù, kó gbé tábìlì rẹ̀ sí ìta. Ìta gbangba ni àwọn onísúyà wa ń jókòó sí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Èyí tí wọ́n ń sè ni mo fẹ́ràn jù. Èkó ni mo ti jẹ ẹ́, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ọkùnrin. Huoguo ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, ìkòkò iná nìyẹn. Iná mànàmáná ló ń se é nínú tábìlì, ìkòkò náà sì pín sí méjì: omi ọbẹ̀ pupa lápá kan, funfun lápá kejì. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo bi ọmọdébìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé egungun kí ni wọ́n fi se omi funfun náà. Ó ní òun kò mọ̀. Ó lọ béèrè, ó padà wá: egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì dá ọbẹ̀ méjèèjì sí, bó bá ti ń hó, ó ń ta sí ara wọn. Bí n kò bá béèrè ńkọ́?

Wọ́n pàrọ̀ ìkòkò náà pátápátá, wọ́n se tòmátì sí apá kan, ata àti òróró sí ìkejì. Ata yẹn, ti Sichuan, ẹkùn kan ní Ṣáínà, ní hóró kan nínú tó ń jẹ́ huajiao, tó ń mú kí ètè kú tipiri. Bí mo ṣe fi sẹ́nu, orín ata tí bàbá mi ń rún láàárọ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ mi wò ó lórí fóònù: mọ̀lẹ́bí ni igi méjèèjì! Tofu tí wọ́n gbé wá, wàrà sóyà tí à ń rà nílé níbí ni. Ẹran wọn fẹ́lẹ́ bí ìwé, kí ẹ kà dé ogún, ó ti jinná. Ti adìẹ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ẹ bá sì fi mú ẹran tútù, ẹ má fi sẹ́nu.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé oúnjẹ yìí kò ṣeé ṣe láìsí ẹlẹ́dẹ̀. Ní Beijing, àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n mọ ìkòkò ẹran àgùntàn mọ́. Mùsùlùmí ló dá ilé oúnjẹ Donglaishun sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1903, wọ́n ṣì ń tà á títí dòní. Ìlọrin nìyí, àgùntàn kò sì jìnnà sí wa. Kí àwọn tó ń ṣí ilé oúnjẹ kọ ohun tó wà nínú omi ọbẹ̀ sára ìwé oúnjẹ wọn, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí àgbàlagbà bá béèrè. Mo sì bẹ àwọn wolé-wolé, bí wọ́n bá ti ń wo ibi ìdáná, kí wọ́n wo fèrèsé yàrá tí a ti ń jẹun pẹ̀lú.

Ọmọ ọmọ mi ti ń bi mí pé ìgbà wo la ó tún lọ yan ẹran. Mo ní abẹ́ igi máńgòrò ilé wa la ó ti máa yan án, títí a ó fi rí ilé oúnjẹ tó ṣí fèrèsé.

Ìyá àgbà kan,
Pàkátà, Ìlọrin.