Kó o tó fi owó yẹn ránṣẹ́

Bódìjà, Ìbàdàn
Alẹ́ Ọjọ́ Ajé

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru àná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, torí mo mọ̀ ọ́: wàá ti nǹkan bọ etí lẹ́nu iṣẹ́, wàá máa gbọ́ mi gààràgà bó o ṣe ń yí màmá arúgbó kan sọ́tùn-ún sósì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ni mo fi kọ ọ́, Sẹ̀gilọlá á bá mi yà á ní fọ́tò ránṣẹ́. Dúró dìgbà tó o bá dé ilé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, kó o tó kà á. Bọ́ bàtà ẹ ná.

O ní wòlíì kan tó máa ń gbàdúrà lórí Facebook láago méjìlá òru dárúkọ rẹ. Ó ní ẹnì kan tí ẹ jọ mu ọmú kan náà ló fi ìkòkò bo ìwé ìgbélùú rẹ mọ́lẹ̀. Ìwọ wá ní kò lè jẹ́ ẹlòmíì bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní Iléṣà. Irúgbìn pọ́n-ùn 300 ló ní kó o gbìn, kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lo bá ń bi mí pé kí ni mo rò.

Mi ò ní bá ọ rò ó. Ohun tí èmi náà ṣe ni màá sọ, tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ojú ló ń tì mí.

O rántí ìgbà tí Sẹ̀gilọlá wà lọ́mọ ọdún 10, tó jẹ́ pé oṣù kan kì í parí ká má gbé e dé ọsibítù. Bí kò bá ṣe eegun ẹsẹ̀, á jẹ́ eegun àyà, á máa ké títí ilẹ̀ á fi mọ́. O mọ̀ pé SS ni. AS lèmi, AS ni bàbá ẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì dé, nọ́ọ̀sì na ìka mẹ́rin sókè sí wa, ó ká ọ̀kan kò, ó ní oyún kọ̀ọ̀kan tí mo bá ní, ìka kan nínú mẹ́rin yìí ni ti SS. Ó yé mi yékéyéké. Àmọ́ àlàyé nọ́ọ̀sì kì í dúró tini láago méjì òru tí ọmọ bá ń ké. Ẹni tí màá bá jà ni mò ń wá.

Obìnrin kan tí ìsọ̀ wa kọjú síra ló mú mi lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù ni, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bíírò, ó ń kọ orúkọ àwa tá a wá. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní ti ọkọ mi, iye ọmọ, àti orúkọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Mo ní “Sẹ̀gi,” bá a ṣe ń pè é nílé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ó kàn mí. Wòlíì dijú, ó gbọnrí, ó ní, “Ọlọ́run ń fi ọmọkùnrin kan hàn mí. Ṣẹ́gun. Wọ́n fẹ́ pa Ṣẹ́gun.”

Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo bí ọkùnrin rí? Obìnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi? Mo ní bóyá Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é lọ́run. Mo bá wólẹ̀, mo ní “Àmín, bàbá.” Bàbá tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ, ó kéré tán!

Irọ́ ọkùnrin yẹn kò dán rárá. Èmi ni mo bá a fi aṣọ nù ún tó fi dán.

Ó ní ìyá ọkọ mi ló wà nídìí ẹ̀, pé ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ wọn mọ́. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 7, kí n ra òróró igo mẹ́ta lọ́wọ́ òun, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà igo kan. Ó ní kí ọmọ sinmi oògùn ọsibítù fún ọjọ́ 21, kí oògùn òyìnbó má bàa dí agbára Ọlọ́run lọ́wọ́. Fólíkì àti Paludrine tí ọmọ yìí ń lò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, mo dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo jù wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ kẹsàn-án, màmá ọkọ mi wọkọ̀ wá láti Iléṣà. Àádùn ni wọ́n gbé bọ̀ fún Sẹ̀gi, wọ́n fi ewé dì í, epo ti gba inú ewé já sí ìróbùbá tó wà lára wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n sùn, mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, mo dà á sí gọ́tà, mo tún fi bàtà tì í sábẹ́ sìmẹ́ǹtì kó má bàa hàn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bi mí bóyá ọmọ jẹ ẹ́. Mo ní, “Ó jẹ ẹ́ tán mà, ó tún lá ewé.”

Ọjọ́ kẹrìnlá, Sẹ̀gilọlá dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára lóru ọjọ́ yẹn. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló lo oògùn kẹ́yìn, mo ní àná.

Bíbélì ìyá àgbà mi wà nínú báàgì tí mo gbé dé ọsibítù. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, ìyẹn tó jẹ́ pé Bíbélì Yorùbá nìkan ni ìwé tí wọ́n lè kà láyé wọn. Wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ọmọ. Mo ṣí ìwé náà kí oorun má bàa gbé mi lọ, mo bọ́ sí 1 Àwọn Ọba 13. Ṣé o mọ̀ pé bí mo ṣe dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó, mi ò kà á délẹ̀ rí? Ibi tí apá Jèróbóámù ti rọ ni wọ́n máa ń wàásù, a ó pariwo halelúyà, ó parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ọlọ́run ti sọ fún ènìyàn Ọlọ́run tó wá láti Júdà pé kó má jẹ, kó má mu ní Bẹ́tẹ́lì, kó má sì gba ọ̀nà tó gbà wá padà. Ọba pè é wá jẹun, ó kọ̀. Ìgbà tó jókòó sábẹ́ igi lọ́nà, arúgbó wòlíì kan bá a, ó ní wòlíì ni èmi náà bíi tìẹ, áńgẹ́lì ló ní kí n mú ọ padà wá jẹun. Bíbélì fi gbólóhùn kékeré kan tì í: ó purọ́ fún un. Ó tẹ̀ lé e, ó jẹun, kìnnìún sì pa á lọ́nà. Kìnnìún ọ̀hún dúró ti òkú, kò jẹ ẹ́, kò sì fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ya. Àyà mi já níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ti gbọ́ tirẹ̀ látẹnu Ọlọ́run, ó mọ̀ ọ́ débi tó fi kọ oúnjẹ ọba. Wòlíì bíi tirẹ̀ ló wá mú un, ó sì dá mi lójú pé ebi ń pa á. Èmi náà ti gbọ́ tèmi kí n tó dé abẹ́ páànù yẹn: bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá rẹ, má jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì rẹ. Èwo ló le nínú ẹ̀ tó nílò ìran?

Mo rántí ìtàn tí ìyá àgbà máa ń sọ. Ọmọdébìnrin ni wọ́n ní 1930 nígbà tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù ní Òkè Ooyè ní Iléṣà, ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ìjọba kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Wọ́n ní àwọn bu omi tó gbàdúrà sí, àwọn rù ú délé, kò sẹ́ni tó gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ọmọ-ọmọ wọn wá ń ra òróró ní igo-igo.

Má rò pé mo ti di ẹni tí kì í gba ìsọtẹ́lẹ̀ gbọ́ o. Pọ́ọ̀lù ní ká má kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, kò tíì mí tó fi ní ká wádìí ohun gbogbo dájú. Diutarónómì 13 tiẹ̀ sọ pé bí àmì tí wòlíì sọ bá ṣẹ pàápàá, ká wo ibi tó ń fà wá lọ. Ẹ̀yìnkùlé, nídìí gọ́tà, ni tèmi fà mí lọ.

Eléyìí tó kù yìí ni mo ń yẹra fún láti òkè. O mọ kọ́ńgò tí a fi ń wọn ẹ̀wà ní Bódìjà níbí. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú, ẹ̀wà á dín, oníbàárà ò ní fura. Tèmi náà wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mò ń gbààwẹ̀, tí mò ń ké “Olúwa, tú àṣírí ọ̀tá,” kọ́ńgò yẹn ló wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Bí ẹlẹ́ja kì í ṣe é gbọ́ òórùn ẹja, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe gbọ́ òórùn irọ́ tí wọ́n ń pa fún mi. Mo ra kọ́ńgò tuntun. Èrè já wálẹ̀, àwọn tá a jọ ń tà ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ, lọ́sẹ̀ kejì mo tún fa ti àtijọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, mo wò ó dáadáa. Mo gbé e fún oníirin àlòkù tó ń kọjá.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí kò ju báyìí lọ: orí Bíbélì kan gbáko láàárọ̀, látòkè délẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ohun kan bá sì bà mí lẹ́rù, mo máa ń sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú fún ẹnì kan tí kò ní gba owó lé e lórí. Wòlíì mi ní kí n má sọ fún ọkọ mi. Ṣé tìẹ náà ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó sọ bẹ́ẹ̀, àbí kò sọ bẹ́ẹ̀?

Oṣù kejì tí Sẹ̀gi gbádùn, mo lọ bá màmá ní Iléṣà. Wọ́n ń ṣa àgbàdo nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dé orí àádùn. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n ń ṣa àgbàdo wọn lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, “Gbogbo ẹ̀ lo dà nù?” Mo ní gbogbo ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, “Epo tí mo fi po ó dáa o.” Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn dárí jì mí lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún gbé àádùn wọ ilé mi.

Sẹ̀gilọlá ti pé 16. Ara ṣì máa ń ro ó nígbà òtútù, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń bá mi ka orí kan láàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ ló ń fi oorun kà.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn, iṣẹ́ òru mélòó lo fi rí pọ́n-ùn 300? Kó o tó fi ránṣẹ́, pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Má bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe fún ọ. Orúnkún wọn ni kó o béèrè. Mo pàdé wọn níbi ìsìnkú kan lóṣù tó kọjá, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Kí n tó kí wọn tán ni wọ́n ti ń bi mí bóyá ìwé rẹ ti jáde. Wọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn ń gbààwẹ̀ lé e lórí.

Nọ́ńbà wọn àtijọ́ ṣì ń lọ.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ