Kí Wọ́n Gba Ìgbẹ́ Ọmọ, Kí Wọ́n Gba Ti Adìyẹ

Olóòtú,

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, fi ọjọ́ mẹ́rin ya ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀. Ilé àyẹ̀wò àdúgbò tí a gbé e lọ fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, wọ́n sì kọ oògùn fún un. Kò sí ẹni tó béèrè ìgbẹ́ ọmọ náà. Ara rẹ̀ ti yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò kí n tó fẹ̀yìn tì, kòkòrò tí ọkàn mi lọ sí ni Campylobacter, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. N kò lè búra pé òun ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò wá a.

Wíwá a gba sùúrù. Theodor Escherich, dókítà ọmọdé ará Jámánì, ti rí kòkòrò tó lọ́ bí ìwọ̀ nínú ìfun àwọn ọmọ ọwọ́ ní ọdún 1886, síbẹ̀ ọdún 1977 ni Martin Skirrow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀nà tó rọrùn láti hù ú jáde láti inú ìgbẹ́ han gbogbo ayé. Atẹ́gùn lásán ń pa á, àìsí atẹ́gùn rárá kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí a kò ní ẹ̀rọ tó ń dín atẹ́gùn kù, a máa ń to àwọn abọ́ tí a ti fi ìgbẹ́ ra sínú ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀, a ó tan àbẹ́là sí i láàárín, a ó dé e pa, a ó sì máa wò ó títí iná rẹ̀ yóò fi rọ, tí yóò sì kú fúnra rẹ̀. Kò tó ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju àìwá lọ. Lẹ́yìn náà, inú ooru ìwọ̀n 42 ni a ó gbé e sí fún ọjọ́ méjì.

Ara adìyẹ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú rẹ̀ tu kòkòrò yìí lára. Adìyẹ yóò máa jẹ, yóò máa sanra, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ ní ọjà Bódìjà: dúrọ́ọ̀mù omi gbígbóná kan ni wọ́n ń ri gbogbo wọn bọ̀, ọwọ́ tó sì fa ìfun yọ náà ló ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Bí a bá délé, a ó tún fọ ẹran tútù náà, omi rẹ̀ a sì ta sára tòmátì. (Ìyàwó mi kò gbà pé ó yẹ kí a se adìyẹ láìfọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì parí nílé wa.)

Oògùn ló ń kọ mí lóminú jù. Enrofloxacin tí àwọn olùsìn adìyẹ ń pò mọ́ omi àti ciprofloxacin tí kẹ́mísìtì ń tà fún wa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Kòkòrò tó bá ti mọ bí a ti ń borí ọ̀kan nínú adìyẹ kò ní bẹ̀rù èkejì nínú ènìyàn. Ìdí rèé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fòfin de lílo enrofloxacin fún adìyẹ ní ọdún 2005.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní ìlú yìí ni pé kí wọ́n má ṣe máa yẹ ènìyàn wò lọ́tọ̀, kí wọ́n máa yẹ adìyẹ wò lọ́tọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn oníṣègùn ẹranko, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì náà, kò sì jìnnà sí wọn. Bí wọ́n bá gba ìgbẹ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí wọ́n gba ti adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí wọ́n dán oògùn kan náà wò lórí kòkòrò méjèèjì, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá jábọ̀ fún àwọn olùsìn adìyẹ, nítorí àwọn ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò pò mọ́ omi ní àárọ̀ ọ̀la.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.