Ojú ọmọ yẹn kì í ṣe ojú oorun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ ti wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kó tó lè ka ohun tí mo kọ sójú pátákó, àfi kó gbé àgbọ̀n sókè, kó sì ká iwájú orí kò. Níbi tó ti kàwé tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń nà án pé ó ń tòògbé. Àwọn kan tiẹ̀ ní ṣe ló ń mọ́ àgbà lójú! Ó dùn mí wọra.

Iṣan pẹlẹbẹ kan tí àwọn dókítà ń pè ní levator ló ń gbé ìpéǹpéjú òkè. Ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, nínú agbárí, ló ti bẹ̀rẹ̀; ó gba orí ẹyinjú kọjá wá síwájú. Iṣan kékeré tí wọ́n fi orúkọ Heinrich Müller, ará Jámánì, pè wà lábẹ́ rẹ̀. Bíi mìlímítà 2 péré ló ń gbé kún un. Èyí tó ń pa ojú dé tún yàtọ̀: ó yí ojú ká bí okùn ẹnu àpò. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, levator ni kò dàgbà dáadáa látinú oyún. Ọ̀rá àti fọ́nrán líle ló gba ipò ẹran rẹ̀. Kò lè fà sókè, kò sì lè nà wálẹ̀. Abájọ tí ìyá ọmọ náà fi sọ fún mi pé tó bá sùn, ojú yẹn kì í pa dé tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí ìpéǹpéjú ọmọ, ẹ má sì ní kó dàgbà ná. Bí ìpéǹpéjú bá bo ọmọlójú nígbà èwe, ọpọlọ kò ní kọ́ bó ṣe ń fi ojú yẹn ríran. Ẹni tó bá dàgbà tán kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè gbéra kí ìríran má padà. Dókítà ojú lè gé levator kúrú kó lè lágbára, tàbí kó so ìpéǹpéjú mọ́ iṣan iwájú orí.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀ o. Bí tirẹ̀ bá ṣàdédé wálẹ̀ tòun ti ẹ̀fọ́rí líle, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún dókítà ojú láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọmọ tuntun wọlé. Àwa olùkọ́ la kọ́kọ́ nílò rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan, Ìsẹ́yìn.