Àjọkẹ́, Má Kọ Orúkọ Ẹlòmíràn Síbẹ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ sí ọ nítorí eré ọkọ̀, tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì gbọ́ ohùn tí o fi tẹ̀ lé e. Màmá rẹ náà gbọ́ ọ, ó fẹ́ bú sẹ́kún. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ẹni tó sá máìlì 36 ní wákàtí kan ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá 30, wọn kì í torí ẹ̀ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lé. Kì í ṣe eré tí o sá ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyìí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn ni, pé bùọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní kí o kọ orúkọ Àǹtí Bísí sínú fọ́ọ̀mù náà, torí pé Àǹtí ti padà sílé, kò sì sí ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì tó máa wá a dé Bódìjà. Bí bùọ̀dá yẹn bá tún fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ọkọ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ ti ń wa takisí ní Lọ́ńdọ̀nù kí òun tó gba físà.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, kì í ṣe ìwé owó ìtanràn. Nǹkan méjì ló wà nínú àpò náà. Èkíní ń fi tó ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ létí pé wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dé àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí kámẹ́rà ya ọkọ̀. Tìrẹ dé ní ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó ti pẹ́. Èkejì ń bèèrè ẹni tó ń wakọ̀ lọ́jọ́ náà: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ọ láti dáhùn, abala 172 nínú òfin ìrìnnà ọdún 1988 ló sì fún wọn lágbára láti bèèrè. Nílé, tí wọ́n bá dá ọ dúró, o lè sọ̀kalẹ̀, kí o kúnlẹ̀, kí o ní “ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni mí.” Kámẹ́rà kò bímọ, kò sì ní ìyekan.

Tí o bá dákẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ti wá sí ọ lọ́kàn, torí gbogbo ènìyàn ló ń wá sí lọ́kàn: kí n sọ ìwé yìí sínú dúrọ́ọ̀, kí n ṣe bí ẹni pé kò dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Póìǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀, ni wọ́n ń fi sórí láísẹ́ǹsì ẹni tó kọ̀ láti sọ ẹni tó wakọ̀, ìlọ́po méjì póìǹtì 3 tí eré tí o sá lè fà, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Fún èmi tí mo ti ń wakọ̀ tipẹ́, póìǹtì 6 kò tíì lé mi kúrò lójú títì, torí 12 láàárín ọdún 3 ni wọ́n fi ń ní kí irú wa má wakọ̀ fún oṣù 6, ó kéré tán. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tó kọjá ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò, lẹ́yìn tí oṣù 12 tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ ti pé. Òfin àwọn awakọ̀ tuntun ti ọdún 1995 sọ pé ẹni tó bá kó póìǹtì 6 jọ kí ọdún méjì tó pé lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ̀. Wàá tún bẹ̀rẹ̀ látorí L pupa: ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ìdánwò ojú títì, owó tíṣà, gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ìyẹn sì ń lọ kò dáa. Ilé arúgbó kan dé òmíràn ni iṣẹ́ rẹ, aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni o ń wẹ màmá àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì kò sì lè gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ẹnì karùn-ún kó tó di ọ̀sán. Láìsí láísẹ́ǹsì, ọkọ̀ ò lè rìn. Tí ọkọ̀ ò bá rìn, iṣẹ́ bọ́. Físà rẹ sì so mọ́ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kí o máa lọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn láti wá ilé-iṣẹ́ mìíràn tó máa gbé físà rẹ̀. Ohun tí ìwé tí ènìyàn kò dáhùn lè dà sílẹ̀ nìyẹn, lórí eré máìlì 36.

Ká wá padà sí ti Àǹtí Bísí. Ṣé o mọ Thorney, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Peterborough yín níbẹ̀? Ní oṣù keje ọdún 2017, kámẹ́rà mú ọkọ̀ kan níbẹ̀ lórí máìlì 41 ní ojú ọ̀nà 30. Fiona Onasanya ló ni ọkọ̀ náà, ọmọ wa, lọ́yà tí àwọn ará Peterborough ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kẹfà. Irú ìwé tó dé bá ọ yìí gan-an ló dé bá a. Èsì tó padà lọ sọ pé ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó ti yá yàrá gbé nílé wọn rí ló wakọ̀. Àwọn ọlọ́pàá wádìí, wọ́n rí i pé ọkùnrin náà wà ní Rọ́ṣíà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tí kámẹ́rà ya ọkọ̀. Fiona ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó yí ìdájọ́ po, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 3 ní oṣù kìíní ọdún 2019. Arákùnrin rẹ̀, tó gbà pé òun jẹ̀bi, gba oṣù 10. Àwọn ará agbègbè rẹ̀ buwọ́lùwé pé kó padà wálé, òun sì ni aṣòfin àkọ́kọ́ tó pàdánù àga rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtìkó. Nígbà tí ọdún náà yóò fi di oṣù kẹjọ, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà.

N kò kọ èyí láti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ká ní wọ́n dáhùn ìwé yẹn bó ṣe yẹ ni, £100 àti póìǹtì 3 ni ì bá jẹ́, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa eré sísá fún ọ̀sán kan péré. Wọ́n sá fún làpálàpá, wọ́n bọ́ sínú ẹ̀tẹ̀. Ara Rọ́ṣíà tó ti padà sílé, Àǹtí Bísí tó ti padà sílé: sọ ìyàtọ̀ wọn fún mi.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò bọ́ níbẹ̀ o. Chris Huhne, mínísítà pátápátá, ìyàwó rẹ̀ ló gba póìǹtì fún un lórí eré tó sá ní ọdún 2003 ní òpópónà M11. Ìgbéyàwó dàrú, ọ̀rọ̀ jáde, àwọn méjèèjì lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 8, 8 ní ọdún 2013. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Huhne kò tiẹ̀ tó ogún, mẹ́wàá ni.

Nítorí náà, orúkọ rẹ ni kí o kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé mìíràn sí ọ. Ní ojú ọ̀nà 30, ẹni tí eré rẹ̀ bá wà láàárín 35 sí 42, tí kò sì tíì ṣe irú ẹ̀ láàárín ọdún 3, ni àwọn ọlọ́pàá ní Ẹ́ńgílándì sábà máa ń fún láǹfààní ẹ̀kọ́ nípa eré sísá. Ìwọ lo máa sanwó ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní póìǹtì, kì í sì í ṣe ìdálẹ́bi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é jù báyìí, o gbọ́dọ̀ tan kámẹ́rà kí wọ́n máa rí ojú rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Jọ̀ọ́, má ṣe é nínú ọkọ̀, má sì ṣe é nílé arúgbó tí o ń tọ́jú. Tí wọ́n bá fún ọ láǹfààní yẹn, gbà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí wọn kò bá fún ọ, £100 àti póìǹtì 3 ló kù, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì á tó kan ọ́. £100 ti ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan lo máa san án. Ti ìnṣọ́ránsì, ọdọọdún ni. Wọ́n á kọ SP30, àmì ẹ̀ṣẹ̀ eré sísá, sórí àkọsílẹ̀ rẹ ní DVLA, àjọ tó ń mójú tó láísẹ́ǹsì, ọdún 4 ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì ń bèèrè nípa ọdún 5 sẹ́yìn. Dá wọn lóhùn bó ṣe rí. Mo mọ àwọn tó ń tẹ “rárá” síbẹ̀ kí owó lè wálẹ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà lè fi wo àkọsílẹ̀ wọn, tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń wò ó dáadáa. Wọ́n lè ní ìwé ìnṣọ́ránsì yẹn kò sí rí. Wọ́n á san owó ẹni tí o kọlù, torí òfin ló ní kí wọ́n san án, wọ́n á sì padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ibi tí o bá ti fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì, wọ́n á bèèrè bóyá wọ́n ti wọ́gi lé tìẹ rí. Ní ti ẹ̀kọ́ eré sísá, tí wọn kò bá bi ọ́, má sọ. Tí wọ́n bá bi ọ́, má purọ́.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìnṣọ́ránsì rẹ tó ń kọ mí lóminú ju eré yìí lọ. Ní Kérésì, o ní kí Màmá rẹ jẹ́ awakọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé, kí ìwọ jẹ́ ìkejì, kí owó lè dínkù. Màmá rẹ tí kì í wakọ̀ kọjá ọjà Peckham! Ìwọ lo ń wa ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́, jìbìtì sì ni wọ́n ń pè é. Tún yẹ ìwé rẹ wò bóyá ó gbà ọ́ láyè láti fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì tí owó rẹ̀ kéré, ìrìn ara ẹni àti lílọ sí ọ́fíìsì kan péré ló wà fún, kì í ṣe kí ènìyàn máa lọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn. Tí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pè wọ́n lọ́la, kí wọ́n yí i padà. Tí o bá nílò àfikún owó, sọ fún mi.

Àdírẹ́sì ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó kó kúrò ní Camberwell lọ sí Kent, kò yí àdírẹ́sì padà. Ilé tó ti kúrò ni gbogbo lẹ́tà ń lọ, ayálégbé tuntun ń to wọ́n jọ sórí ẹ̀rọ ìgbóná lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi kó tó gbọ́ rárá. Ó rí i tún ṣe, ó lọ búra níwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 21 tó gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù kò kéré.

Fi bírò dúdú kọ fọ́ọ̀mù náà, buwọ́ lù ú, torí èyí tí kò ní ìbuwọ́lù, bí ẹni pé o kò dáhùn ni. Ya fọ́tò ojú ìwé méjèèjì. Má jù ú sínú àpótí ìta. Gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, ọ̀fẹ́ ni. Fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Màmá rẹ kí ọ, ó ní ẹ̀gúsí tí o ní kí òun fi ránṣẹ́ ti wà nínú páálí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ