Ìgbéga olùkọ́ tí kò ní owó nínú

Sí Olóòtú,

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pín lẹ́tà ìgbéga fún àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ọjọ́ tí wọ́n ní ìgbéga náà bẹ̀rẹ̀ ti lé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà ló là á mọ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí owó fún gbogbo àsìkò tó ti kọjá. Nígbà tí owó oṣù sì wọlé, iye àtijọ́ náà ni.

Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń buwọ́ lu irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Níbi tí ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́ ṣì wà, owó oṣù tí òṣìṣẹ́ gbà gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìyá kan tí a jọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà fẹ̀yìn tì pẹ̀lú lẹ́tà ìgbéga méjì lọ́wọ́, tí ìkankan nínú wọn kò sì yí owó oṣù rẹ̀ padà. Ìyà yẹn yóò máa jẹ ẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Awáwí wọn ni pé inú àsùnwọ̀n àpapọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó wa ti ń jáde, àti pé ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti da ètò rú. Ìgbéga tí kò ní owó ti wà tipẹ́ kí ìdájọ́ yẹn tó dé. Bákan náà ni àfikún ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó oṣù olùkọ́, tó jáde látinú ìdaṣẹ́sílẹ̀ wa ní ọdún 2008, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò san pé.

Ó kéré tán, ọdún 3 ni olùkọ́ ń lò lórí ìpele kan kí ìgbéga tó kàn án, nítorí náà ìgbéga kì í bá ìjọba lójijì. Kí akọ̀wé ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó orúkọ àwọn tó kàn jọ kí àbá ìṣúná tó dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n ṣírò ohun tí yóò ná wọn, kí owó náà sì ti wà nínú ìṣúná kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Kí ìwé owó oṣù wa sì máa fi gbèsè tí ìjọba jẹ wá hàn loṣooṣù, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń fi owó orí àti owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ hàn, kí ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, tàbí ẹbí ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, lè rí ẹ̀rí dì mú. Kí àwọn aṣòfin náà pe àwọn tó ń buwọ́ lu lẹ́tà wọ̀nyí wá ṣàlàyé.

Ìgbéga tí kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù kì í ṣe ìgbéga. Kí wọ́n san tiwa, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ san ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan