Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Gba Ọmọ Amish Sílé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ìtọ́jú àlejò. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lálẹ́ àná fi hàn pé ojú ti ń kán ọ. O ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọkùnrin náà ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn Amish, àwọn Kristẹni tó ya ara wọn sọ́tọ̀ tí wọn kì í lo iná mànàmáná ìlú, tó sì dé láti Holmes County ní Ohio, kì í sọ̀rọ̀, oúnjẹ kì í sì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. O fẹ́ mọ bí a ṣe ṣe é nígbà tí ọmọbìnrin Amish tí àwa náà gbà sílé wà lọ́dọ̀ wa. Mo kọ ọ́ síta gbangba torí pé ọmọ Yorùbá mìíràn wà ní Ohio níbí tí irú rẹ̀ lè bá.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá fóònù tàbí aṣọ. Ilé ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́wọ́ agbẹ̀bí, àwọn mìíràn ò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí. Láti 1965 ni òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí àwọn Amish yọ ara wọn kúrò nínú Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, nítorí ìgbàgbọ́ wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí kì í gba nọ́ńbà rẹ̀ fún ọmọ. Wọn kì í fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú. Ọmọ yìí lè jókòó sí pálọ̀ rẹ láìní bébà kan ṣoṣo tó sọ pé òun ni òun. Kò ní rí iṣẹ́ tó bófin mu, kò ní rí láísẹ́ǹsì gbà, báǹkì ò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ fara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Social Security kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bá a lọ. Kó ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání, ìwé dókítà, ohunkóhun tí orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá àwa padà. Ṣé o rántí bí ọwọ́ wa ṣe ń gbọ̀n lórí káúńtà nígbà tí a dé orílẹ̀-èdè yìí? Àwa mú páásìpọ́ọ̀tì dání o. Ọmọ yìí, ibí ni wọ́n bí i sí.

Kíláàsì kẹjọ ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn máa ń parí sí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló dá wọn láre lórí rẹ̀ ní 1972. Ó lè padà ṣe GED, ìdánwò tó dúró fún ìwé ẹ̀rí girama, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é ní púrúǹtù nílé rẹ. Pennsylvania Dutch, èdè kan tó bá Jámánì tan, ni wọ́n ń sọ nílé, ilé-ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì ni Bíbélì wọn. Gbé òòlù àti pákó fún un, ìwọ yóò rí i.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí títí dòní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọbìnrin wa dé, mo ra jíìnsì fún un, mo sì kó ẹrù tó gbé wá sínú àpò aṣọ tí a fẹ́ fi tọrẹ: kaba aláwọ̀ aró tó jẹ́ pé píìnì ni wọ́n fi ń so ó, kì í ṣe bọ́tìnnì, àti fìlà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní okùn méjì. Mo rò pé mo ń tú u sílẹ̀ ni. Nígbà tó ti balùwẹ̀ jáde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó máa ń fi fìlà náà kọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ìṣó náà, ó dúró pẹ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Fún odidi ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré padà lọ wá àpò náà, wọ́n ti pín in.

Nítorí náà, má fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Bó bá ń bú bàbá rẹ̀, gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n má bá a bú u. Má tíì fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo mọ̀ ọ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àìmoore: ilé àtùpà tó kún fún èèyàn ló ti wá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ariwo fíríìjì ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá jẹun.

Fọgbọ́n bi í bóyá ó ti ṣèrìbọmi nínú ìjọ wọn. Bí kò bá tíì ṣe é, ọ̀nà ilé ṣì là díẹ̀. Bó bá ti ṣe é, wọn ò ní í bá a jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́. Tiwa ti ṣe é. Nígbà tó padà lọ kí wọn, ìyá rẹ̀ sún tábìlì méjì mọ́ra, ó fi àlàfo tí kò ju ìka kan lọ sáàárín wọn, ó wá tẹ́ aṣọ kan ṣoṣo bo méjèèjì. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ń fi ìka wọn àlàfo náà lórí tábìlì mi.

Mo ti fi sítáǹpù ogún ránṣẹ́ sí ọ. Gbé wọn sí ibi tí ọmọ náà yóò ti rí wọn, pẹ̀lú bébà àti bírò, má sì sọ nǹkan kan.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ